Ẹni Tí Yóò Dáhùn: Ìtàn Oògùn, Ọkọ̀ àti Àtẹ̀jíṣẹ́ Láàárín Àwọn Alásímà Etí Òkun Ìlàjẹ

Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, omi ló máa ń wà láàárín aláìsàn àti oògùn rẹ̀. Bí o bá wà ní Ayétòrò, ní Awóyè tàbí ní Ugbò-Ńlá, tí oògùn rẹ sì tán, èbúté Igbókòdá ni wàá kọjú sí, ọkọ̀ ni wàá sì wọ̀. Tí epo bá wọ́n, tí ìgbì bá ga, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, oògùn náà di ti ọ̀la nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àìsàn ló lè ní sùúrù di ọ̀la. Ásímà kì í ní sùúrù. Bí àyà bá ti ń han, tí èjìká ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹnu aláìsàn kò lè parí gbólóhùn kan mọ́, wákàtí díẹ̀ ló kù fún gbogbo ará ilé láti sá sókè sá sódò.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, orí omi yìí ni wọ́n bí mi sí, orí rẹ̀ náà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí a ṣe ń ránṣẹ́ nípa oògùn ní ilẹ̀ wa, láti ayé ọkọ̀ àfàjẹ̀wà títí di ayé fóònù alágbèéká, nítorí àwọn onímọ̀ ti ń sọ ọ́ báyìí pé àtẹ̀jíṣẹ́ lè mú kí alásímà máa lo oògùn rẹ̀ déédéé. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí lórí omi yìí ni pé iṣẹ́ tí a rán kì í wo ẹnikẹ́ni sàn, àfi tí ẹnì kan bá wà níbi tí iṣẹ́ náà ń lọ tí yóò dáhùn, tí oògùn sì wà ní àrọ́wọ́tó.

Èéfín àti èémí

Iṣẹ́ ẹja ni iṣẹ́ wa. Ọkùnrin á lọ sókun, obìnrin á yan ohun tó bá mú bọ̀. Nínú ilé ìdáná ìyá mi, ilé onípákó orí òpó tí a fi imọ̀ bò lórí, ààrò gígùn kan wà tí wọ́n fi amọ̀ mọ, àtẹ wáyà wà lórí rẹ̀, ṣáwá sì tò sórí àtẹ náà ní ìlà-ìlà, orí èyí sí ìdí èyí. Igi tí kò gbẹ tán ni wọ́n ń kì sí i lábẹ́, kí iná má baà jó ẹja, kí èéfín lè pọ̀. Èéfín yẹn ló ń mú kí ẹja pọ́n, òun ló ń jẹ́ kó lè dé ọjà Òkìtìpupa láìbàjẹ́. Òun náà ni àwa ọmọ ń mí sínú láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí ẹ̀yìn ìyá ni ìkókó ń wà nígbà tí ìyá bá ń yí ẹja.

Èéfín igi wà lára ohun tó ń ta ásímà jí, bí eruku, bí òtútù, bí ọ̀fìnkìn. Nígbà ọmọdé wa, ohun tí a kàn mọ̀ ni pé àwọn kan wà láàárín wa tí àyà wọn ń han lóru. Wọn á jókòó sórí ẹní, wọn á fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, wọn á máa mí gúlegúle títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orógbó ni wọ́n ń fún wọn jẹ, àti oyin, àti àgbo. Àdúrà kò sì wọ́n. Ayétòrò fúnra rẹ̀, àwọn tó jáde láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ló tẹ̀ ẹ́ dó ní oṣù kìíní ọdún 1947, orí àdúrà ni ìpìlẹ̀ ìlú náà sì dúró lé. N kò ní bú ẹnikẹ́ni tó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn ló ń dùn mí.

Páálí oògùn nínú etí ìró

Oògùn ásímà kò ṣàì sí láyé nígbà náà. Ní ọdún 1956, ilé iṣẹ́ Riker ní Amẹ́ríkà gbé ínhélà alágolo àkọ́kọ́ jáde, èyí tí a ń tẹ̀, tí oògùn ń tú jáde ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo. Ní 1969, salbutamol jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ventolin ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Òun ló ń dẹ iṣan tó fún ọ̀nà èémí pọ̀, tí èémí fi ń ráyè kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní 1972, beclometasone tẹ̀ lé e. Èyí kì í la ọ̀nà èémí lójú ẹsẹ̀. Wíwú tó wà nínú ògiri ọ̀nà èémí ló ń pa, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, kódà ní ọjọ́ tí ara olúwarẹ̀ yá gágá. Salbutamol ń gbani nígbà tí ìkọlù bá ti dé. Beclometasone ni kì í jẹ́ kó dé.

Ọ̀kankan nínú wọn kò dé ọ̀dọ̀ wa nígbà ọmọdé mi. Ohun tí kẹ́mísì ń tà fún wa ni Franol, ephedrine àti aminophylline, oògùn oníhóró tí ń mú àyà já, tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Báyìí ni a sì ṣe ń ránṣẹ́ rà á. Wọn á ya etí páálí oògùn tó tán, wọn á fún obìnrin tó bá ń kó ẹja lọ sọ́jà. Kò sí ìdí láti kọ ohunkóhun sí i. Páálí yẹn ni iṣẹ́ náà. Obìnrin yìí á ká owó mọ́ ọn, á dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, á ta á ní kókó, á sì wọ ọkọ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì, á tú kókó náà, á na páálí sí i. Tí oògùn yẹn kò bá sí, oníkẹ́mísì á fún un ní èyí tó jọ ọ́. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kí oògùn tó dé ọwọ́ aláìsàn.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Iṣẹ́ ẹja ni wọ́n ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní ìtọ́jú aláìsàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti jíṣẹ́ oògùn lọ́jà yìí, á yà nílé aláìsàn náà kó tó lọ sí ọjà tó ń bọ̀. "Ìyá Ìbejì, ọmọ ńkọ́? Ṣé ó rí oorun sùn? Oògùn ńkọ́, ṣé ó kù?" Kò sí ilé ìwòsàn kankan lágbègbè wa nígbà náà tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ aláìsàn tó ti padà sílé. Àwọn aláròóbọ̀ ẹja ni wọ́n ń béèrè rẹ̀.

Ìwé tí mo fa ìlà sí

Nígbà tí mo ṣe tán nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì pín mi padà sí ìlú odò, salbutamol ti ń dé Igbókòdá. Ohun tí mo bá níbẹ̀ wá yàtọ̀. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn salbutamol, ínhélà aláwọ̀ búlúù, nítorí pé wọ́n ń rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Beclometasone tó yẹ kí wọ́n máa fà láàárọ̀ àti lálẹ́ kò jọ wọ́n lójú, nítorí kò sí ohun tí wọ́n rí pé ó ṣe. Bí ara bá ti yá, wọn á tì í mọ́nú àpótí kó má baà tán. Oògùn náà wọ́n, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ lò gbà pé ọgbọ́n ni òun ń gbọ́n. Wíwú inú àyà náà á máa pọ̀ sí i láìsí ariwo, títí di òru ọjọ́ kan tí òtútù bá mú, tí búlúù nìkan kò ní tó mọ́.

Mo ra ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, mo fa ìlà sí i: orúkọ, abúlé, ọjọ́ tó gba ínhélà, ọjọ́ tó yẹ kó tán. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Agolo tó ní ìfà 200 nínú, tí aláìsàn bá ń fa méjì láàárọ̀ tó ń fa méjì lálẹ́, 50 ọjọ́ ló máa lò. Tí ọjọ́ bá pé tí n kò rí i kó wá gba òmíràn, á jẹ́ pé kò rówó rà á, tàbí pé kò fà á. Ìwé mi kò lè sọ èyí tí í ṣe nínú méjèèjì. Àfi kí n bi í.

Mo tún ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ike omi ran ínhélà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọdé, àti àgbàlagbà pàápàá, kò lè tẹ ínhélà kí wọ́n sì fà á sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀fun ni oògùn ń dúró sí, kì í dé àyà. Ní ọdún 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé ike olómi ìdajì lítà ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa fún ọmọdé, bí èyí tí wọ́n ń rà lówó gọbọi. Ike sì wà káàkiri ojú omi wa. A ó fọ ọ̀kan mọ́, a ó fi wáyà tó ti gbóná dá ihò sí ìdí rẹ̀, kí ihò náà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu ínhélà, a ó ti ínhélà bọ̀ ọ́, a ó sì lẹ etí rẹ̀ pa kó má jò. Ọmọ á fi ẹnu gba ẹnu ike. Ìyá á mi ínhélà jìgìjìgì, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á máa mí sínú, á máa mí síta ní pẹ̀lẹ́ nínú ike náà. Tó bá jẹ́ èyí tojoojúmọ́ ni, á fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí ìyá tó ń fi ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe èyí lórí afárá pákó níwájú ilé rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì dìde lọ ṣeré lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan.

Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì dé

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1992 ni Neil Papworth fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi kí ẹni tó gbà á kú ọdún Kérésìmesì. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ó tún pẹ́ díẹ̀ kó tó kàn wá. Nígbà tó sì dé, ojú kan péré ló ti ń mú lábúlé mìíràn, ní ìpẹ̀kun afárá, tí gbogbo èèyàn máa ń tò sí nírọ̀lẹ́ tí wọ́n na fóònù sókè. Iná ọba kò sí, torí náà ilé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ni a ń gbé fóònù lọ, a ó sanwó kí ó tó bá wa fi iná sí i. Owó ìpè ga. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló rọjú, fláàṣì, ìyẹn kí a pè kí a sì gé e kí ẹni tí a pè tó gbé e, sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ara mi kọ̀wé sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé mi. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Ohun tí mo ń kọ kò gùn: "E kaaro o. Se e ti fa ti aaro? E flash mi." Àdéhùn wa ni pé fláàṣì kan túmọ̀ sí pé àlàáfíà wà, fláàṣì méjì túmọ̀ sí pé kí n pè. Àwọn tí kò fláàṣì rárá ló ń lé oorun lójú mi. Mo máa ń bẹ àwọn awakọ̀ ojú omi pé bí wọ́n bá kọjá ní abúlé báyìí-báyìí, kí wọ́n bá mi yà wò ó. Wọ́n ń yà. Bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́ padà fún mi léèbúté nìyẹn, bí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti ṣe níjọ́sí.

Ètò Abíyè àti ìbéèrè àwọn ará Kẹ́ńyà

Ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímìkò tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ. Aláboyún ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù, wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n ń pè ní Health Ranger tì í, ọ̀kan fún bí aláboyún 25. Òṣìṣẹ́ yìí ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Aláboyún sì lè pè é láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ ti jókòó ro ohun tó ń pa ìyá, wọ́n sì rí ìdádúró mẹ́rin: kí wọ́n tó pinnu àtilọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí wọ́n tó dá wọn lóhùn níbẹ̀, àti kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 2010, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́, kí ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ náà lè wà.

Mo kà nípa ètò yìí pẹ̀lú ayọ̀, nítorí mo rí i pé fóònù náà ní ẹni tó ni ín ní ìkángun kejì. Ìdádúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn náà ló ń pa alásímà wa, omi sì tún fi kún ìkejì. Ṣùgbọ́n aláboyún nìkan ni fóònù Abíyè kàn. Ìwé mi ni alásímà ní.

Ní Kẹ́ńyà, wọ́n ti dán irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo ń kọ yìí wò lórí àwọn tó ń lo oògùn kòkòrò HIV. Láti 2007, ètò WelTel fi èèyàn 538 sí ìwádìí ní ilé ìwòsàn mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lápá kan: "Mambo?", báwo ni. Láàárín wákàtí 48, wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn "Sawa", àlàáfíà ni, tàbí "Shida", wàhálà wà. Ẹni tó bá ní wàhálà wà, tàbí tó dákẹ́, nọ́ọ̀sì á pè é. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2010, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ń kí ló ń lo oògùn wọn bó ṣe yẹ, ìdá 50 ni ti àwọn tí wọn kò kí. Kíyè sí i pé wọn kò pàṣẹ oògùn fún ẹnikẹ́ni nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Ìbéèrè àwọn aláròóbọ̀ wa ni wọ́n béèrè.

Ti ásímà gan-an, New Zealand ni mo máa tọ́ka sí. Ní 2012, Keith Petrie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí alásímà 216 tí kò lo ínhélà ojoojúmọ́ wọn dáadáa. Wọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tí kálukú gbà gbọ́ nípa àìsàn rẹ̀, wọ́n wá kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ìgbàgbọ́ náà mu fún ọ̀sẹ̀ 18. Ẹni tó gbà pé ìgbà tí àyà bá ń han nìkan ni ásímà wà lára òun, wọ́n ń rán an létí pé ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Lílo oògùn wọn tó nǹkan bí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn tí kò gba àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ 43. Bí mo ṣe ń kà á, àwọn èèyàn mi tó ń ti ínhélà mọ́nú àpótí ni mò ń rí.

Ohun tó kù láti ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé títẹ̀ bọ́tìnnì tán ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba àmì 160. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn tó yẹ kọ ọ́, ó di 70, owó rẹ̀ sì lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Fóònù kan lè wà fún odidi ilé, kó sì jẹ́ pé baálé ló ń gbé e lọ sókun. Àwọn ìyá àgbà wa mìíràn kò mọ̀wé kà. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní èdè Ìlàjẹ ló máa yé wọn. Òkun sì ń jẹ ilẹ̀ wa. Ní Ayétòrò, ó ti gbé ilé, ó gbé ilé ìjọsìn, ó gbé ojú pópó, àwọn èèyàn ń ṣí kiri, orúkọ abúlé tí mo kọ síwájú orúkọ wọn nínú ìwé mi kò sì bá ibi tí wọ́n ń sùn mu mọ́.

Ti oògùn ló wá le jù. Ìwádìí káàkiri Nàìjíríà tó jáde ní 2019 fi hàn pé ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì ásímà, ṣùgbọ́n ìdá 2.5 péré ni dókítà ti sọ ọ́ fún. Àwọn púpọ̀ ń fa èémí kiri tí wọn kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ní ọdún 2019 kan náà, àjọ GINA tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn àgbáyé sọ́nà lórí ásímà kéde pé kí a má fi salbutamol nìkan tọ́jú àgbàlagbà alásímà mọ́. Oògùn tó ń pa wíwú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń sọ lórí omi láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó ku bí owó rẹ̀ yóò ṣe wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé iṣẹ́ GSK, tó ń kó ínhélà Ventolin àti Seretide wọlé nígbà náà, kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Náírà náà sì ti já wálẹ̀ lọ́dún yẹn. Owó ínhélà fò sókè débi pé àwọn tó ń fà á déédéé pàápàá tún padà sídìí ṣíṣọ́ ọ lò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń rán ènìyàn létí oògùn tí kò lè rà, ìbànújẹ́ ló ń fi kún ìbànújẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè fún àwọn èèyàn mi kò pamọ́. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti fi Abíyè hàn pé òun lè fi fóònù so aláìsàn mọ́ òṣìṣẹ́ kan tó mọ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n ṣe é fún alásímà náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun, níbi tí ọ̀nà ti jìn jù. Kí orúkọ gbogbo alásímà wà nínú ìwé ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ohùn máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní èdè tó gbọ́. Kí nọ́ọ̀sì kan wà tó ń gba owó oṣù láti dáhùn, tó sì ní ọkọ̀ tó lè rán lọ bá ẹni tó bá dákẹ́. Kí ínhélà ojoojúmọ́ wà lórí àtẹ níbẹ̀, ní iye tí obìnrin tó ń yan ẹja lè san. Èyí tí ìjọba bá yọ kúrò nínú mẹ́rin yìí ni yóò sọ mẹ́ta yòókù di asán, àwọn tí yóò sì san gbèsè rẹ̀ lóru ni àwọn ọmọ tó ń jókòó sórí ẹní, tí wọ́n fi ọwọ́ ti orúnkún, tí wọ́n ń wá èémí.